Bí Ẹkùn Ìdìbò ní Írẹ́lándì Ṣe Ń Yan Aṣojú sí Ilé Aṣòfin Yúróòpù, àti Bí Ìbò Yín Ò Ṣe Ní Í Dákẹ́ Lójú Ọ̀nà

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹni tó lọ dìbò ní Drogheda, ní Portlaoise tàbí ní Galway gba ìwé ìdìbò gbọọrọ kan tí orúkọ olùdíje 27 wà lórí rẹ̀. Ìjókòó márùn-ún péré ni gbogbo wọn ń dù. Ẹni tó kọ 1 síwájú orúkọ kan ṣoṣo, tó sì ju ìwé náà sínú àpótí, dìbò lóòótọ́, ìbò rẹ̀ sì kà. Àmọ́ bí olùdíje tó mú bá já kúrò lẹ́yìn ìkà (ìyẹn ìgbà kíka ìbò) bíi mélòó kan, ìwé yẹn ò ní ẹnu ọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń pinnu ta ni yóò gba ìjókòó tó gbẹ̀yìn, tí ìbò díẹ̀ sì lè yí gbogbo nǹkan padà, kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, a máa ṣàlàyé bí ìdìbò yìí ṣe ń lọ láti orí ìforúkọsílẹ̀ títí dé ìkà tó kẹ́yìn, kí ẹ lè mọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá kọ ń ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹkùn tí ẹ wà

Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń yan Ilé Aṣòfin Yúróòpù. Èyí tó ń bọ̀ di 2029. Ìjókòó 720 ló wà níbẹ̀ láti 2024, 14 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Írẹ́lándì. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yan bí yóò ṣe pín ara rẹ̀. Pólándì ní ẹkùn 13, Ítálì ní márùn-ún, Jámánì sì ń dìbò bí ẹkùn kan ṣoṣo. Mẹ́ta ni ti Írẹ́lándì.

Ẹkùn Dublin ní ìjókòó mẹ́rin. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Dublin City, Fingal, South Dublin àti Dún Laoghaire–Rathdown. Ẹkùn Gúúsù, tí wọ́n ń pè ní South, ní márùn-ún: Carlow, Clare, Cork, Kerry, Kilkenny, Limerick, Tipperary, Waterford, Wexford àti Wicklow. Ẹkùn kẹta, Midlands–North-West, kó káńtì 15 pọ̀ láti Donegal lókè títí dé Laois àti Offaly, ìjókòó márùn-ún ni tirẹ̀ náà. Ọdún 2019, mẹ́rin péré ló ní. Laois àti Offaly, tó wà ní Gúúsù nígbà yẹn, ni wọ́n gbé wá kí ìdìbò 2024 tó wáyé, òun náà ló jẹ́ kó di márùn-ún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé, pàápàá àwọn tí ń gbé létí Dublin. Balbriggan wà ní Fingal, torí náà Dublin ni. Drogheda tí kò jìnnà sí i ti bọ́ sí Midlands–North-West. Lucan jẹ́ ti Dublin, ṣùgbọ́n Leixlip tó fara kàn án wà ní Kildare, ìyẹn Midlands–North-West. Bray wà ní Wicklow, Gúúsù lẹ máa ti dìbò. Tí ẹ bá wo àwọn olùdíje Dublin lórí tẹlifíṣọ̀n fún oṣù kan gbáko, tí ẹ wá ń gbé ní Leixlip, kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú wọn lórí ìwé tí wọn yóò fún yín.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́, ta ni kò ní

Ẹni tó ti pé ọdún 18, tó ń gbé ní Írẹ́lándì, tó sì jẹ́ ọmọ Írẹ́lándì tàbí ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ló lè dìbò yìí. Ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì gba ìwé ọmọ-ìlú ò lè dì í, bó ti wù kí ó pẹ́ tó nílùú. Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ló ṣí sílẹ̀ fún un, ìyẹn ò sì kéré rárá. Ibẹ̀ ni Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Ọdàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ti bẹ̀rẹ̀ ní 2004 gẹ́gẹ́ bí kánsílọ̀ ní Portlaoise, tó fi di olórí ìlú náà ní 2007.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń da àwọn èèyàn wa rú ni pé nǹkan yàtọ̀ ní Brítéènì. Kí Brítéènì tó jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọmọ orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì tó ń gbé níbẹ̀ lè dìbò Yúróòpù. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan tó fún ẹni tó ń gbé ní Peckham láti dìbò fún aṣojú London ní 2019. Mọ̀lẹ́bí tó bá ń sọ fún yín láti ọ̀hún pé òun máa ń dì í nígbà yẹn kò purọ́. Òfin ibẹ̀ ló yàtọ̀ sí ti Írẹ́lándì. Lọ́nà kejì, ọmọ Brítéènì tó ń gbé ní Dublin ò lè dìbò Yúróòpù mọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ rẹ̀ jáde, bó tilẹ̀ lè dì ti ìjọba ìbílẹ̀ àti ti Dáil, ìyẹn ilé aṣòfin Írẹ́lándì.

Ẹni tó ní ìwé ọmọ-ìlú Jámánì tàbí Ítálì, tó sì ti kó wá sí Írẹ́lándì, lè dìbò níbí. Wọn yóò ní kó fọwọ́ sí ìwé pé ibí nìkan lòun yóò ti dì í. Ìdìbò ẹ̀ẹ̀mejì lódì sófin.

Ìforúkọsílẹ̀, àti lẹ́tà kékeré tó ń fa wàhálà

Orí ìkànnì checktheregister.ie lẹ máa lọ. Ẹ ó nílò nọ́ńbà PPS yín (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún yín), ọjọ́ ìbí àti Eircode (kóòdù àdírẹ́sì) ilé yín. Ní 2024, ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ni wọ́n pa ilẹ̀kùn dé fún ìdìbò ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, nítorí náà ẹ má dúró títí di ọ̀sẹ̀ ìdìbò.

Lórí ìwé orúkọ olùdìbò, wọ́n máa ń fi lẹ́tà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí gbogbo ìdìbò. L túmọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ nìkan, E jẹ́ ti ọmọ Yúróòpù tó lè dìbò Yúróòpù àti ti ìbílẹ̀, D sì ni ti ọmọ Brítéènì. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nígbà tó ṣì ń fi káàdì ìgbélùú gbé, L ni wọ́n kọ fún un. Bó bá wá di ọmọ Írẹ́lándì lẹ́yìn ọdún mélòó kan, lẹ́tà yẹn kì í yí padà fúnra rẹ̀. Òun ló gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù kí wọ́n tún un ṣe. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, á dé ibùdó ìdìbò pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Írẹ́lándì lọ́wọ́, wọn á sì fún un ní ìwé ìjọba ìbílẹ̀ nìkan, torí ohun tó wà nínú ìwé orúkọ ni òṣìṣẹ́ tó wà lórí tábìlì ń tẹ̀ lé. Kò sí ẹni tó lè tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí, èyí la bẹ̀ yín pé kí ẹ lọ yẹ̀ wò lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Lójú àpótí

Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, wọ́n á sì tì í ní mẹ́wàá alẹ́. Káàdì ìsọfúnni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé kì í ṣe ìwé ìdánimọ̀, ẹ sì lè dìbò láìmú un dání. Ohun tí wọ́n lè béèrè ni ìwé ìrìnnà, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, káàdì iṣẹ́ tí fọ́tò yín wà lórí rẹ̀, tàbí káàdì ìjọba tí wọ́n ń pè ní Public Services Card.

Kí wọ́n tó fún yín ní ìwé ìdìbò, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ kékeré kan lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ wò ó kí ẹ tó kúrò nídìí tábìlì. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ kì í wọlé sínú ìkà, ẹ̀bi ẹni tó yẹ kó lù ú sì ni, kì í ṣe tiyín, ṣùgbọ́n ìbò yín ló máa ṣòfò.

Orúkọ àwọn olùdíje ń tẹ̀ lé ara wọn ní ìlànà A B D orúkọ bàbá wọn, fọ́tò àti àmì ẹgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ 1 síwájú ẹni tí ẹ fẹ́ jù, 2 síwájú ẹni tó tẹ̀ lé e, 3, 4, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nọ́ńbà bá fò, bíi kí ẹ kọ 1, 2, 3 kí ẹ wá kọ 5, ìwé náà yóò ṣiṣẹ́ dé 3, kò ní kọjá ibẹ̀. Bí ẹ bá kọ 4 sí iwájú ẹni méjì, 3 náà ni yóò dúró sí. Bí ẹ bá kọ 1 sí iwájú ẹni méjì, tàbí tí ẹ kọ orúkọ yín sórí ìwé, ó ti bàjẹ́. Tí ọwọ́ yín bá ṣèèṣì, ẹ má pa á rẹ́ jákujàku. Ẹ dá a padà fún olórí ibùdó, á fún yín ní òmíràn.

Ohun kan tó máa ń ba ìwé jẹ́ lọ́jọ́ tí ìdìbò méjì bá papọ̀: ẹlòmíràn á kọ 1, 2, 3 sórí ìwé ti Yúróòpù, á wá bẹ̀rẹ̀ láti 4 lórí ìwé ti ìjọba ìbílẹ̀, bíi pé ìwé kan náà ló ń bá lọ. Ọ̀rọ̀ irú èyí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Írẹ́lándì lẹ́yìn ìdìbò ìbílẹ̀ 2014 ní Listowel, Kerry, níbi tí ìbò méjì péré ti já olùdíje kan kalẹ̀. Ní 2015, ilé ẹjọ́ náà sọ pé ìwé tí kò ní 1, tó kàn bẹ̀rẹ̀ láti 3 tàbí 4 báyẹn, kò ṣe é kà. Orí ìwé kọ̀ọ̀kan lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ láti 1.

Bí wọ́n ṣe ń kà á

Láàárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń tú àpótí, tí wọ́n ń ya ìwé Yúróòpù sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìbílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dojú rẹ̀ sókè, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á sì fara ti ọgbà onírin tó wà níwájú tábìlì, wọ́n á máa fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sórí bébà bí ojú wọn bá ti rí 1. Wọ́n máa ń pa èyí tí wọ́n rí pọ̀, ẹgbẹ́ kan ò sì ń fi pa mọ́ fún èkejì, tó fi jẹ́ pé wọ́n ti mọ bí nǹkan ṣe ń lọ kí alákòóso tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ kéde èsì Yúróòpù kí aago mẹ́wàá alẹ́ Sunday tó lù, nígbà tí ibùdó ìdìbò tó gbẹ̀yìn ní Yúróòpù, ní Ítálì, bá ti tì.

Iye ìbò tó ń gbé olùdíje wọlé ni wọ́n ń pè ní kúótà. Ẹ kó gbogbo ìwé tí kò bàjẹ́ jọ, ẹ fi iye ìjókòó pẹ̀lú ẹyọ kan pín in, ẹ wá fi 1 kún èsì. Ká ní ìwé 400,000 ló dára ní ẹkùn onípò mẹ́rin. Ẹ fi márùn-ún pín in, ó di 80,000. Ẹ fi 1 kún un: 80,001. Ìdí tó fi jẹ́ márùn-ún ni pé èèyàn mẹ́rin lè ní 80,001 nínú 400,000, ẹni karùn-ún ò lè rí i láéláé, torí 79,996 ló máa ṣẹ́ kù.

Ká wá pe àwọn olùdíje ní A, B, D, E àti F, kí àwọn mìíràn sì wà lẹ́yìn wọn. Ní ìkà kìíní, A ní 96,001. Ó ti wọlé, ìbò 16,000 sì lé sí i lọ́wọ́. Ìbò wọ̀nyí kì í ṣòfò. Wọn á tú gbogbo ìwé 96,001 náà ká, wọn á wo ẹni tó gba 2 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 16,001 kò ní 2 rárá. Àwọn wọ̀nyẹn á dúró sọ́dọ̀ A. Ó ku 80,000: B ní 40,000 nínú rẹ̀, D ní 25,000, E ní 10,000, F ní 5,000. Nítorí pé 16,000 jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún 80,000, ìdá kan nínú márùn-ún ni olúkúlùkù máa gbà: B 8,000, D 5,000, E 2,000, F 1,000. Ẹ rò ó pọ̀, 16,000 ni. Èyí tó kù sọ́wọ́ A, ìyẹn 64,000 pẹ̀lú 16,001, jẹ́ 80,001 gééré.

Ìwé gidi ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe ìṣirò lásán. Nínú òkìtì 40,000 tó kọ 2 fún B, 8,000 tó wà lókè pátápátá ni wọn á kó lọ fún un. Wọ́n ti da gbogbo ìwé pọ̀ ṣáájú kí òkè òkìtì má bàa jẹ́ ti àdúgbò kan ṣoṣo. Síbẹ̀, orí ló ń pinnu èwo ló wà lókè, ìdí nìyí tí èsì fi lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́ bí wọ́n bá tún gbogbo rẹ̀ kà. Ní Àríwá Írẹ́lándì, tó yan aṣojú mẹ́ta láti 1979 títí Brítéènì fi jáde, wọ́n máa ń gbé gbogbo ìwé, wọ́n á sì dín agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan kù. Lójú tiwa, ọ̀nà tiwọn yẹn dára ju èyí lọ, torí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún orí.

Ká ní B ti ní 78,000 ní ìkà kìíní. Pẹ̀lú 8,000 tó gbà, ó di 86,000, ó wọlé, 5,999 sì lé. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ rèé: wọn kì í padà sórí 78,000 tó jẹ́ tirẹ̀ látilẹ̀. Ìdì ìwé tó wọlé kẹ́yìn, ìyẹn 8,000 tó wá láti ọ̀dọ̀ A, nìkan ni wọn yóò wò láti mọ ẹni tí ìbò tó lé náà máa lọ bá. Ẹni tó kọ 1 fún B ti fi ìwé rẹ̀ gbé B wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tí kò bá sí ìbò tó lé mọ́ tó lè yí nǹkan padà, wọn á yọ ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré jù. Gbogbo ìwé rẹ̀ ni yóò lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbò odidi kan, sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e lórí ìwé náà tó ṣì wà nínú ìdíje. Bí 2 yín bá ti wọlé tàbí ti já, wọn á fò ó lọ sí 3. Wọ́n lè yọ méjì mẹ́ta pa pọ̀ bí àpapọ̀ ìbò wọn kò bá lè dé ti ẹni tó wà lókè wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ìjókòó á fi kún. Ní ìparí, ọ̀pọ̀ ìwé ti dákẹ́, kúótà kì í sì í sún wálẹ̀, nítorí náà ẹni tó gbẹ̀yìn lè wọlé láìdé kúótà rárá, bó bá ṣẹ́ku iye olùdíje tó bá ìjókòó mu.

Ó ń gba àkókò. Ní 2024, Seán Kelly ní ẹkùn Gúúsù nìkan ló wọlé ní ìkà kìíní nínú gbogbo Írẹ́lándì. Midlands–North-West, tí wọ́n kà ní Castlebar, kò parí títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìdìbò.

Èyí dáhùn ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ jù: ṣé 2 tí mo kọ kò ní pa 1 mi lára? Kò lè pa á lára. Kò sẹ́ni tó máa wo 2 yín àyàfi tí 1 yín bá ti wọlé tàbí tó ti já. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ máa kọ nọ́ńbà lọ títí ẹ ó fi dé ibi tí gbogbo ẹni tó kù ti rí bákan náà lójú yín. Bí ẹnì kan bá wà tí ẹ kò fẹ́ rí nílé aṣòfin rárá, kíkọ nọ́ńbà fún gbogbo àwọn yòókù, títí kan àwọn tí kò wù yín púpọ̀, ni ìwé yín fi lè ṣèdíwọ́ fún un títí dé ìkà tó kẹ́yìn.

Ẹni tó bá fẹ́ díje

Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 21, kó sì jẹ́ ọmọ Írẹ́lándì tàbí ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ẹni tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀ á mú ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ wá. Ẹni tó dá dúró á wá olùdìbò 60 tí yóò fọwọ́ sí i, tàbí kó fi €1,800 sílẹ̀. Wọ́n ń dá owó náà padà bí ìbò rẹ̀ bá kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin kúótà. Nínú àpẹẹrẹ wa lókè, 20,001 ni. Ẹnì kan kò lè jẹ́ ọmọ Dáil àti aṣojú ní Yúróòpù lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí wọ́n bá ní kí wọ́n tún un kà, tàbí tí ìjókòó bá ṣófo

Olùdíje lè béèrè àtúnkà. Ní Gúúsù ní 2019, ìbò 327 ló wà láàárín Grace O'Sullivan àti Liadh Ní Riada, nínú ìwé tó ju 700,000 lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnkà gbogbo ìwé, àwọn alákòóso sì sọ pé ó lè gba ọjọ́ 28. Liadh Ní Riada fúnra rẹ̀ ló sọ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ọdún yẹn kan náà, ẹni tó wọlé kẹ́yìn ní Gúúsù àti ní Dublin kò lè gba ìjókòó rẹ̀ títí Brítéènì fi jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2020, torí pé ara ìjókòó tí Brítéènì fi sílẹ̀ ni wọ́n ti fún Írẹ́lándì ní méjì kún tirẹ̀.

Bí aṣojú bá kọ̀wé fipò sílẹ̀ tàbí tó kú, kò sí ìdìbò mìíràn. Kí ìdìbò tó wáyé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti olùdíje tó dá dúró ti fi orúkọ àwọn tí yóò rọ́pò sílẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí Mairead McGuinness kúrò ní 2020 láti lọ di kọmíṣọ́nà Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Brussels, Colm Markey ló gba ìjókòó rẹ̀ ní Midlands–North-West lọ́nà yìí, láìsí pé ẹnikẹ́ni dìbò fún un. Gbangba ni àkọsílẹ̀ orúkọ wọ̀nyẹn wà. Ẹ wo tàwọn olùdíje yín kí ẹ tó kọ 1, torí ẹni tó wà lókè níbẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí yóò lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin nípò aṣojú yín.